Oríkèé Òkè, Oríkèé Ìsàlẹ̀

Ìwà kan wà lọ́wọ́ mi tí ìyàwó mi kò fẹ́ràn. Bí àlejò bá ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó wo ojú rẹ̀, mo ti wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti mọ ẹni tí orúnkún ń dùn, mo ti mọ ẹni tí ìgbáròkó rẹ̀ kò dọ́gba mọ́, mo sì ti mọ ẹni tó jẹ́ pé bàtà tuntun ló ń há a lẹ́sẹ̀. Ràbí ìyàwó mi á ní, "Bàbá Mùfú, ẹ kọ́kọ́ kí èèyàn ná, kí ẹ tó máa ka eegun ẹ̀." Ẹjọ́ mi kọ́. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ agbára rẹ̀ ya fọ́tò egungun ní ọsibítù kò lè wo ènìyàn bí ẹlòmíràn ṣe ń wò ó.

Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ló ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe, nítorí púpọ̀ nínú wọn ti jáde ìwé, wọn kò sì tíì mọ ọ̀nà tí wọ́n máa tọ̀. Wọ́n fún mi ní àkókò láàárín ìrun Alásárì àti Mọ̀gàríbì. Mo sọ̀rọ̀ títí ládàánì fi pe ìrun, mi ò tíì kúrò ní ọdún kìíní. Ni mo bá ra ìwé kan, mo jókòó, mo kọ ìyókù.

Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni mí, láti Ìlérò. Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò ní apá òsì, kó máa gba apá ọ̀tún, ọdún náà ni mo wọṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Ṣakí. Àwọn awakọ̀ tó gbàgbé òfin tuntun yẹn ló sì kọ́kọ́ fún wa níṣẹ́ ṣe. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé: wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé díẹ̀, tó lè gbé omi, tí kò sì bẹ̀rù òkùnkùn. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìhà Ìjẹ̀bú, tó ti bá àwọn ṣọ́jà ṣiṣẹ́ rí. Lójoojúmọ́ ni ìlà àyọ́ọ̀nù máa ń wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá ti tẹ́ aláìsàn sábẹ́ ẹ̀rọ tán, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ: "Má mira." Àwa ará Òkè-Ògùn mọ̀ pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kàn án. Bí baálẹ̀ ló wà níbẹ̀, bí ọmọ ọwọ́ ni, "Má mira" náà ni. Gbogbo Ṣakí wá ń pè é ní Baba Má-Mira, a sì máa dáhùn.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe egungun, omi ni. Ọwọ́ la fi ń fọ fíìmù nígbà náà, nínú yàrá kan tí a dí gbogbo ojú fèrèsé rẹ̀, tó jẹ́ pé gílóòbù pupa kékeré kan ṣoṣo ló ń tàn níbẹ̀. Omi àkọ́kọ́ á mú àwòrán jáde, omi kejì á mú un dúró, omi kẹta á ṣàn án mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ oòrùn ìhà ọ̀dọ̀ wa. Bó bá di àkókò tí ilẹ̀ ń gbóná, omi àkọ́kọ́ náà á gbóná, fíìmù á sì dúdú láti etí dé etí, kò ní sí egungun kankan nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi bá ra àmù ńlá lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò, ó rì wọ́n mọ́ inú yanrìn tútù títí dé ọrùn, inú wọn la wá ń tọ́jú omi sí kó lè tutù. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bu omi sí yanrìn yẹn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò la ti ń pọnmi, ó sì jìn. Bí mo bá da ife omi kan nù, ọ̀gá mi á wò mí títí n ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni egungun. Onígbàgbọ́ ni ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n kò sí mùsùlùmí tó ń retí Iléyá tó o ní gbogbo Ṣakí. Bí ọdún bá ti kọjá, á ní kí n lọ káàkiri agboolé kí n gba egungun ẹsẹ̀ àgbò wá. Àwọn ènìyàn rò pé ajá ni mò ń sìn. Á bọ̀ wọ́n mọ́, á kó wọn sínú àpò, á gbé àpò náà wọ yàrá òkùnkùn, á sì pa gílóòbù.

"Gbé ọ̀kan. Kí ni?"

"Egungun itan ni, sà."

"Ọ̀tún àbí òsì?"

Bí mo bá ṣì í, a ó dá gbogbo rẹ̀ padà sínú àpò, a ó bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Odidi oṣù mẹ́fà ni mo fi fọwọ́ ka egungun nínú òkùnkùn, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo sọ fún bàbá mi ní Ìlérò pé mo fẹ́ padà wá kọ ebè. Bàbá mi ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, pé kí n padà síbi iṣẹ́ mi, ebè òun kò sọnù.

Nígbà tí ọ̀gá mi wá jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ, òfin tó fún mi kò pọ̀. Aṣọ gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti tírà ìdí máa ń jáde nínú fíìmù bí ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ènìyàn. Egungun kan, ìwò méjì: láti iwájú, àti láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó wá ń sọ jù lọ nìyí: "Oríkèé òkè, oríkèé ìsàlẹ̀." Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí wọ́n bá ní ibì kan ń dun ènìyàn, kí n ya oríkèé tó wà lókè ibẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní egungun a máa ṣẹ́ níbì kan, a sì máa ké níbòmíràn. "Pàápàá àgbàlagbà tó bá ṣubú. Bí orúnkún bá ní òun ló ń dùn, bi ìgbáròkó léèrè kí o tó gbà á gbọ́." Mo kọ́ ọ sórí bíi Fátíhà.

Mo gbádùn iṣẹ́ náà, n kò ní parọ́. Bí ẹ bá kó fíìmù ọdún kan jọ, ẹ ó mọ ohun tí àwọn ará Òkè-Ògùn ń ṣe láìbi ẹnikẹ́ni. Àkókò tí wọ́n bá ń gun igi igbá láti ká èso tí wọ́n fi ń ṣe irú, àwọn tó já bọ́ á kún ẹnu ọ̀nà wa, ọrùn ọwọ́ wọn á ti yẹ̀. Àkókò ebè kíkọ, ẹ̀yìn ni. Lẹ́yìn náà ni owó dé, tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta iṣu ra máṣíìnì, tí wọ́n ń gùn ún gba ojú ọ̀nà oko Ìlérò tí ẹsẹ̀ nìkan mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojúgun ni tiwọn. Ẹni tó bá ra máṣíìnì lọ́sẹ̀ yìí, a máa ń múra sílẹ̀ dè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wú. Nígbà tí mo gbé fíìmù sójú àpótí iná, ó ní kí n fi làkúrègbé han òun. Mo fi ibi tí egungun méjì ti ń ha ara wọn hàn án, tó jẹ́ pé àlàfo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ra oògùn fún ọ o. Bí o ṣe rí nìyí?" Ó bẹ̀ mí, mo fún un ní fíìmù náà, ó sì gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí àlejò bá dé, á ní kí wọ́n wá wo ọ̀tá òun.

Ní ọdún wọ̀nyẹn náà ni mo fẹ́ Ràbí, ọmọ Tẹ̀dé. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa nílé ń pè ní Ìyá Tẹ̀dé, jẹ́ obìnrin kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ mú, tó ń ṣa emi lóko tó fi ń ṣe òrí. Iléyá àkọ́kọ́ tí mo lọ ṣe lọ́dọ̀ wọn, mo gbàgbé ara mi, mo ń dárúkọ egungun kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń bu ẹran. Ìyá Tẹ̀dé gbé àwo mi sún mọ́ mi. Ó ní, "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹran yìí bí ẹran." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn obìnrin náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè má mọ bí àna ṣe rí nígbà náà. Bí mo bá rí Ìyá Tẹ̀dé lójú ọ̀nà tí òjò ń rọ̀, inú ẹrẹ̀ náà ni n ó dọ̀bálẹ̀ sí. N kì í bá a jókòó lórí ẹní kan náà. Òun lè fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀, èmi kò gbọ́dọ̀ fi í ṣe. Kí ọkọ ọmọ fojú kan orúnkún ìyá ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa gbé dé etí mọ̀lẹ́bí ni.

Ní ìgbà òjò ọdún kan, ó ń ti oko emi bọ̀, ó gbé igbá lérí, ó sì yọ̀ lórí àpáta tó tutù, ó fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú. Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó rìn dé ilé, ó ń fi òrí para fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, Ràbí lọ mú un wá sí Ṣakí. Dókítà wa bi í léèrè ibi tó ń dùn ún, ó ní orúnkún ọ̀tún. Dókítà tẹ orúnkún náà, ó kọ "orúnkún ọ̀tún" sínú káàdì, ó sì darí wọn sí mi.

Ọ̀gá mi ti lọ gba fíìmù ní Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì obìnrin tó máa ń bá wa tọ́jú àwọn obìnrin wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń rọbí. Ràbí ti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ káàdì. Èmi àti àna mi ló kù nínú yàrá, àti ẹ̀rọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo dìde, mo gbé aṣọ òjé wọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí iná ẹ̀rọ wọ ara wa. Òfin ọ̀gá mi ní kí n ní kó tú ìró, kí n fọwọ́ wá egungun ìgbáròkó rẹ̀, kí n gbé itan rẹ̀ síbi tó yẹ. Ìyá Tẹ̀dé ní, "Àna mi, orúnkún ni o. Kò sóhun tó ṣe ibòmíì." Mo ká etí ìró náà dé orúnkún, kò kọjá ibẹ̀, mo sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ń gbọ́ ohùn ọ̀gá mi létí bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn mi. Mo dá ohùn náà lóhùn pé dókítà kò kọ ìgbáròkó sínú káàdì.

Fíìmù náà dára, mo tilẹ̀ fi yangàn. Ìwò iwájú, ìwò ẹ̀gbẹ́, orúnkún arúgbó tí kò lábùkù ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣẹ́, ó fún un ní oògùn ìrora, ó ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ó sì lọ ń rìn, nítorí obìnrin tó bá gbọ́ pé ohun kan kò ṣe òun kì í jókòó sílé nígbà tí emi ti jábọ́ sílẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń jáde láti balùwẹ̀, ẹsẹ̀ náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Àwọn ará ilé ní ọsibítù ti sọ pé eegun kò ṣẹ́, wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun, bàbá àgbà kan tó ń to egungun nítòsí Tẹ̀dé. Bàbá náà kò fọwọ́ kan orúnkún. Ó dúró síbi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Èyí òsì dúró ṣánṣán. Èyí ọ̀tún ti yí síta, ó sì kúrú. Ó ní kí àwọn obìnrin fi aṣọ bò ó, ó na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó ní, "Kì í ṣe ti orúnkún. Ọrùn eegun itan ló já, níbi ìgbáròkó. Ọ̀pá àti okùn tèmi ò lè débẹ̀. Ẹ gbé e padà sí ọsibítù. Kẹ́ ẹ sì bá mi sọ fún ọkùnrin tó ń fi iná wo eegun níbẹ̀ pé kó gbé iná ẹ̀ sókè díẹ̀."

Ràbí ló jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Títí di ìgbà náà ni mo ti máa ń fi àwọn teguntegun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀gá mi ti dé. Òun ló ya ìgbáròkó náà, Ràbí ló di aṣọ mú. Èmi wà nínú yàrá òkùnkùn, mo na ọwọ́ gba fíìmù, mo tì í bọ omi àkọ́kọ́. Nínú ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn ni mo ti rí i tó ń jáde bọ̀. Orí egungun itan jókòó sínú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti já, ìyókù egungun ti fà gòkè lọ. Ó ti sán tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Rírìn tí a ní kó máa rìn ló parí rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i tún ṣe, obìnrin tó ń rìn lọ sóko emi ní gbogbo àárọ̀ kò ní fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ mọ́ láyé. Mo sunkún. Bí ẹ bá fẹ́ sunkún níbi iṣẹ́, kò sí ibi tó dára bíi yàrá òkùnkùn.

Dókítà wo fíìmù náà, ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ló kọ orúnkún. Ǹ bá fi ẹ̀bi náà sílẹ̀ fún un. Ọ̀gá mi dúró títí dókítà fi jáde. Ó gbé fíìmù orúnkún àti fíìmù ìgbáròkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sójú àpótí iná.

"Kí ló dé tí o kò ya òkè?"

"Àna mi ni, sà."

"Ta ni àna rẹ?"

"Ìyá náà, sà."

"Mo ń bi ọ́ nípa èyí tó wà nínú fíìmù yìí. Àna ta ni?"

Ó fi ìka tẹ ojú fíìmù náà. Ó ní, "Egungun kì í ṣe àna ẹnikẹ́ni. Lọ sọ fún un. Ẹnu ara rẹ ni kí o fi sọ ọ́, má sì dárúkọ dókítà kún un."

Mo lọ sí wọ́ọ̀dù. Ràbí jókòó tì í, ó ń fẹ́ ẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, mi ò sì dìde. Mo ní, "Ìyá wa, èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Wọ́n kọ́ mi pé kí n ya ìgbáròkó. Mo tijú, mi ò yà á. Ká ní mo yà á ni, ìsinmi ni wọn ì bá ní kẹ́ ẹ máa sinmi." Ràbí dá abẹ̀bẹ̀ dúró.

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Tẹ̀dé lókè orí mi. Ó ní, "Nítorí itan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Itan tèmi yìí náà?" Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mẹ́jọ ni mo bí. Kò sóbìnrin tó dàgbà ní Tẹ̀dé tí ò tíì rí i. Ẹni tí ì bá rí i kó ṣe mí lóore ló wá ń wo ògiri."

Mo rò pé ó ti parí. Ó ní kí n dìde. Nígbà tí mo dìde, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Gàníyù, má dá a rù. Lọ́jọ́ yẹn, ìgbáròkó yìí ń dùn mí ju orúnkún lọ. Mo mọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ na ọwọ́ síbẹ̀ lójú dókítà ọkùnrin, kí n tún wá na ọwọ́ síbẹ̀ lójú àna mi? Bí o ṣe ń ká ìró yẹn, mo di etí ẹ̀ mú lókè. Ṣé o ò rí i ni?"

N kò rí i. Ògiri ni mò ń wò.

Ìyá Tẹ̀dé dárí jì mí lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ kò tètè dárí jì mí. Ràbí ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi, kò ní sọ "ẹ jẹun," á kàn kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí ju bí ì bá ṣe dùn mí tó bá bú mi lọ.

Wọ́n ní àfi Ìbàdàn. Èmi ni mo tẹ̀lé Ìyá lọ, fíìmù wà lórí itan mi láti Ṣakí títí a fi dé, mi ò jẹ́ kó tẹ̀. Wọ́n la ìgbáròkó náà, wọ́n fi irin so ọrùn egungun pọ̀. Ó pẹ́ lórí ibùsùn. Nígbà tó padà wá, oṣooṣù ni à ń yà á wò bóyá egungun náà ń so mọ́ra. Oṣù kìíní, kò sí nǹkan. Oṣù kejì, kò sí nǹkan tó ṣe é fi ọwọ́ sọ̀yà. Àdúà ni mo fi ń fọ fíìmù. Ní oṣù kẹrin, mo rí nǹkan bíi ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ojú ibi tó já. Ọ̀gá mi yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní, "Ó ti ń di." Mo sáré jáde lọ sọ fún Ràbí, ó sì dì mọ́ mi lójú àwọn aláìsàn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún gbọ́ "ẹ jẹun" nílé mi.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà kúrú díẹ̀ títí láé. Hausa atúnbàtàṣe kan ní ọjà Ṣakí ló gé táyà lé ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ kí méjèèjì lè dọ́gba. Ó gba ọ̀pá, ó sì padà sóko emi. Òun náà ló bá wa tún iṣẹ́ wa ṣe. Nígbà tó wà lórí ibùsùn, ó ní kí Ràbí ra aṣọ funfun lásán wá, ó fi ọwọ́ rán yẹ̀rì kan tó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi ń so ó, kò ní bọ́tìnnì, kò ní abẹ́rẹ́. Obìnrin tó bá wọ̀ ọ́, a lè ya ìgbáròkó rẹ̀ dáadáa láìsí pé ara rẹ̀ wà níta. Ó ní, "Má tún jẹ́ kí ìyá ẹlòmíì di etí ìró ẹ̀ mú." Ọ̀gá mi, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, ní kí aránṣọ rán mẹ́wàá sí i. Láti Ìlérò dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, àwọn obìnrin ń pè é ní yẹ̀rì Ìyá Tẹ̀dé. Èmi àti bàbá teguntegun yẹn náà di ọ̀rẹ́. Bí ojú egungun bá rú u lójú, á fi aláìsàn ránṣẹ́ sí mi. Bí ọwọ́ ọmọdé bá yẹ̀ lásán, èmi náà á ní kí wọ́n lọ bá a. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Iná ìjọba dé, a dẹ́kun bíbẹ jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ tuntun dé tí kò gba kí aláìsàn dúró pẹ́ láìmira, ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi sì di ohun àná. Fíríìjì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àmù. Nígbà tí ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rò pé ó fẹ́ gbàdúrà fún mi. Àpò egungun àgbò ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ó wà nílé mi dòní, Ràbí ò sì jẹ́ kó wọ pálọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára, ẹ má wá iṣẹ́ tí kò ní dójú tì yín. Kò sí irú ẹ̀. Ẹ wá èyí tí ẹ ó lè fẹnu ara yín sọ àṣìṣe yín níbẹ̀, kí wọ́n sì tún gbà yín láyè láti padà sẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, èmi ni mo ti di ọ̀gá nínú yàrá yẹn, wọ́n tún gbé Ìyá Tẹ̀dé dé. Kí ọkàn yín balẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹ́ lọ́jọ́ náà; ìgbáròkó òsì rẹ̀ le, ara ló kàn bó. Bí ó ṣe wọlé ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ewúrẹ́ ló kọ lù ú nínú àgbàlá. Dókítà tuntun ti kọ "orúnkún òsì" sínú káàdì. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo dìde, mo gbé aṣọ òjé wọ̀, mo sì yíjú sí káàdì náà láti wá bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọdún pọ̀ láàárín, ewú ti yọ díẹ̀ nínú irùngbọ̀n mi, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́, ẹnu mi tún wúwo bíi ti ìjọsí.

Mo gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ tó fi ti ògiri. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti mú yẹ̀rì funfun kan lórí ìkọ́, ó ti wọ̀ ọ́, ó ti so okùn rẹ̀, ó sì ti dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò di nǹkan kan mú.

Ó ní, "Gàníyù, òkè ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."